Wọ́n dáná sun ilẹ̀ ẹyẹ, wọ́n tún da màlúù sí i: ṣé ọdẹ ò ní bínú?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìgbòho ni mí, Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska ni mò ń gbé láti ọdún mọ́kànlá. Ọdẹ ni bàbá mi. Èmi náà gba láísẹ́ǹsì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì ń lọ pa pheasant, ẹyẹ kan tó jọ àparò, lórí ilẹ̀ ìjọba kan níhà Rainwater Basin, àgbègbè alábàtà kan ní Nebraska níbí. Ọdún àkọ́kọ́, mo rí ẹyẹ. Ọdún tó kọjá, bóyá ni mo rí márùn-ún. Ní oṣù kẹrin ọdún yìí mo yà síbẹ̀, mo bá apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà tó ti jóná kanlẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo rò pé jàǹbá ni, àfi ìgbà tí wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ náà ló dáná sí i fúnra wọn. Oṣù keje, mo tún padà lọ, màlúù bí ọgọ́rin ló ń jẹko ní apá kejì. Bẹ́ẹ̀ pátákó ẹnu ọ̀nà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilẹ̀ tí pẹ́pẹ́yẹ igbó ti ń pamọ ni. Ṣé wọ́n ń ba ilẹ̀ ẹyẹ jẹ́ ni, àbí wọ́n ti tà á fún àwọn olówó màlúù? Kí ló dé tí wọn ò sin ẹyẹ kí wọ́n kó o síbẹ̀? Ṣé kí n tilẹ̀ ra láísẹ́ǹsì mọ́?" Ọmọ Ọdẹ, Omaha.

Ẹ̀gbọ́n mi, àrìnpa o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ títọ́jú ilẹ̀ ẹranko igbó ni mo sì ti ń ṣe lágbègbè ibí láti ọdún mẹ́rìnlá, nígbà mìíràn tèmi ti ìbọn, lọ́pọ̀ ìgbà tèmi ti agolo iná, agolo epo tí a fi ń dáná sí koríko. Ìyẹn ni pé ọ̀kan lára àwọn tí ẹ ń fẹ̀sùn kàn lẹ kọ̀wé sí yẹn. Ẹ fi í sọ́kàn bí ẹ bá ń ka èsì mi.

Bí ọ̀rọ̀ yín bá yé mi, ohun tó ń bí yín nínú ni pé ẹ ti san owó yín, ẹ ti wakọ̀ láti Omaha débẹ̀, ẹyẹ ò sí, iná àti màlúù lẹ bá níbi tó yẹ kí ẹyẹ wà. Ẹni tó bá bá ejò lẹ́bàá ìtẹ́ adìẹ tó ṣófo, ejò náà ni yóò mú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò jọ pé ejò tí ẹ bá níbẹ̀ ló kó ẹyin jẹ. Ẹyẹ ti wọ́n kí iná tó dé, lẹ́tà yín fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní gbogbo iná ló dára o, màá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ títà kúrò ńlẹ̀, torí òun ló gbóná jù lẹ́nu yín. Ilẹ̀ tí wọ́n bá kọ Waterfowl Production Area sí lára pátákó, ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni, owó ọdẹ ni wọ́n sì fi ra èyí tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀. Ní 1934 ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ pa pẹ́pẹ́yẹ igbó gbọ́dọ̀ ra sítáǹbù kan, dọ́là 1 nígbà náà, dọ́là 25 lónìí, kí owó rẹ̀ máa lọ sórí ilẹ̀ àti àbàtà tí àwọn ẹyẹ náà ń gbé. Ní 1958 wọ́n fẹ òfin náà lójú kí wọ́n lè máa ra àwọn àbàtà kéékèèké tó wà káàkiri inú ọ̀dàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ra àkọ́kọ́, ní Day County ní South Dakota. Owó orí kan tún wà láti 1937, ìdá 11 nínú 100 lórí ìbọn gígùn àti ọta, àwọn tó ń ṣe wọ́n jáde ló ń san án, ìjọba àpapọ̀ á wá pín in fún àwọn ìpínlẹ̀ fún iṣẹ́ ẹranko igbó. Páálí ọta tí ẹ rà lánàá, ẹ ti dá owó sí i, bẹ́ ẹ mọ̀, bẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹni tó ni màlúù yẹn ò ra ilẹ̀. Ìwé àṣẹ ló gbà, fún iye màlúù báyìí, fún iye ọ̀sẹ̀ báyìí, ó ń sanwó tàbí kó fi iṣẹ́ dípò owó, bíi kó na wáyà ọgbà tàbí kó fa omi wá. Ọjọ́ rẹ̀ bá pé, á kó wọn jáde. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ màlúù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún ọmọ Òkè Ògùn. Ẹni tí màlúù ti jẹ oko ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀ rí, kò sí bó ṣe máa rí i lórí ilẹ̀ tí kò fi dá nǹkan tirẹ̀ tí ara rẹ̀ ò ní bù máṣọ. Ti ibí yàtọ̀. Wáyà ló yí wọn ká, orúkọ olówó wọn sì wà nínú fáìlì.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí n sọ, kò ní dùn mọ́ yín. Wọn ò tìtorí pheasant ra ilẹ̀ yẹn. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n rà á fún. Pheasant tilẹ̀ jẹ́ àlejò bíi tèmi tiyín, láti China ni wọ́n ti kó o wá sí Oregon ní àwọn ọdún 1881 sí 1882, ibẹ̀ ló ti tàn kálẹ̀. Àparò China ni, bó ṣe ń sáré lábẹ́ koríko kó tó fò, tó sì ń fò pẹ̀lú ariwo, ẹ ti mọ ẹbí rẹ̀ láti ilé. Ó ń jẹ àǹfààní ilẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Torí náà bí olùtọ́jú bá rí i pé àbàtà ń dí, ti àbàtà ló máa kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ ti ọdẹ pheasant. Nínú àbàtà mẹ́wàá tó wà ní Rainwater Basin láyé àtijọ́, bíi mẹ́sàn-án ni àwọn àgbẹ̀ ti gbẹ́ gọ́tà sí, tí wọ́n ti sọ di oko. Ìyókù ń kún fún cattail àti reed canarygrass, àwọn ewéko gíga tó ń hù nínú omi, débi pé omi ò ríran sójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ oṣù kejì àti ìkẹta ọdọọdún ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ àti ìbátan wọn ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, wọ́n ń lọ sí àríwá. Màlúù oṣù keje yẹn, ó jọ pé torí àbàtà ni wọ́n ṣe kó o wá: kó jẹ ewéko tó dí i, kó fi pátákò tẹ ẹrẹ̀ rẹ̀, kí omi lè hàn.

Ká wá bọ́ sórí koríko. Èmi àti ẹ̀yin, inú ọ̀dàn la dàgbà sí, ṣùgbọ́n ọ̀dàn tiwa ní igi òrí, ó ní igi igbá. Ọ̀dàn ibí, tí wọ́n ń pè ní prairie, koríko ni látòkè délẹ̀. Ohun mẹ́ta ló jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún: ọ̀dá, iná, àti ẹnu ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n wọn, bison, á tó ọgbọ̀n mílíọ̀nù, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ọgọ́ta, kó tó di pé ìbọn wọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1880 máa fi parí, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ló ṣẹ́ kù nínú igbó. Ní ti iná, mànàmáná ń dá a, àwọn onílẹ̀ náà ń dá a, àwọn Pawnee, àwọn Omaha tí ìlú yín ń jẹ́ orúkọ wọn. Wọ́n mọ̀ pé ibi tó bá jó lónìí ni koríko tútù máa yọ lọ́la, ibẹ̀ sì ni ẹfọ̀n máa forí lé. Àbí ọdẹ Ìgbòho wo ni kò mọ̀ pé bí iná ọyẹ́ bá ti jó pápá tán, tí òjò kan ṣoṣo bá ti kan ilẹ̀, orí ewéko tútù yẹn ni ìgalà ń dà sí?

Ìdí tí koríko yìí kò fi bẹ̀rù iná wà nísàlẹ̀. Big bluestem, èyí tó ń ga ju ènìyàn lọ tó bá di ìgbà ìkórè, lè ta gbòǹgbò wọlẹ̀ tó mítà 2, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tó ti ń rú wà lábẹ́ ilẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni iná ń jó, òun fúnra rẹ̀ wà nílé. Ohun tí kò lè kojú ni ohun èlò ìtúlẹ̀. Ọ̀dàn koríko gíga yìí tó bíi 170 mílíọ̀nù éékà nígbà kan, èyí tó kù lónìí kò tó ìdá 4 nínú 100.

Bí wọ́n bá wá fi koríko náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ńkọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọdẹ ṣe ń bẹ̀bẹ̀? Ẹ ṣe èyí fún mi nígbà tí ẹ bá tún lọ. Ẹ wá ibi tí koríko ti ga, tó dára lójú, tí iná àti màlúù ò ti débẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, méje. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì la koríko náà, kí ẹ ti ìkúùkù yín wọ ìdí rẹ̀ títí kó fi kan erùpẹ̀. Kò ní kan erùpẹ̀. Koríko èṣín lẹ máa bá, ti ìjẹta á wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra bí ẹní tó gbó, á tutù nísàlẹ̀, á máa rùn bí aṣọ tí a ká pamọ́ kó tó gbẹ. Ọmọ pheasant tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ju àtàǹpàkò yín lọ púpọ̀. Kò ní í pẹ́ tó bá pa tí ìyá rẹ̀ á ti máa mú un rìn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi wá oúnjẹ. Kò lè rìn nínú ẹní yẹn. Ìrì á rẹ ẹ́, òtútù á mú un, ó tán. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kòkòrò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀: tata, èèrà, ìdin. Ibi tí ewé olódòdó bá wà ni kòkòrò ń wà, ewé olódòdó kì í sì í la ẹní kọjá hù. Ilé tó wu ọdẹ nìyẹn, ọmọ ẹyẹ ò rójú ọ̀nà gbà wọlé.

Bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, koríko onílé náà á máa kọ́gbà sílẹ̀ fún àlejò. Smooth brome, tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù ní àwọn ọdún 1880 fún oúnjẹ ẹran, àti Kentucky bluegrass, tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ọmọ ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀, tètè máa ń jí. Yìnyín ò tíì yọ́ tán tí wọ́n á ti rú, wọ́n á ti mu omi, wọ́n á ti gba oòrùn, big bluestem ṣì ń sùn. Lẹ́yìn wọn ni igi kédárì máa dé. Ẹyẹ ń gbé èso rẹ̀ wá, ó ń hù lábẹ́ wáyà, nígbà tó bá fi di ogún ọdún, ohun tó jẹ́ ọ̀dàn ti di igbó. Prairie chicken, ẹyẹ onílé gangan, kì í fẹ́ sún mọ́ igi rárá, torí orí igi ni àṣá ń dúró sí wò ó. Ẹ wá wo oṣù kẹrin tí ẹ bá iná. Àlejò ti jí, onílé ò tíì jí. Ẹni tó jí ni iná bá níta. Kédárì kékeré tí iná bá sì jó kì í rú láti ìdí mọ́.

Ẹ ò béèrè nípa ìtẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ yín. Pheasant máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin láti ìparí oṣù kẹrin lọ sí ìkárùn-ún, á yé bíi mẹ́wàá sí méjìlá, á sàba lé e fún ọjọ́ 23, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á pa ní oṣù kẹfà. Iná tó bá tètè jó ní oṣù kẹrin kò ní bá ìtẹ́ púpọ̀, abo tó bá sì pàdánù ẹyin rẹ̀ nígbà tí ọdún ṣì kéré máa ń tún òmíràn yé. Ìdáná wa yàtọ̀ sí ìgbẹ́ tí a ń dẹ nílé, níbi tí a ti ń fi iná yí ọ̀yà ká, tí àwọn ọmọkùnrin á dúró pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ la ti ń kọ́kọ́ dáná sí, iná kékeré tí kò ju orúnkún lọ, á máa fẹ̀yìn rìn lòdì sí atẹ́gùn, á máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jó ilẹ̀ tó fẹ̀ tó títì mọ́tò. Ìgbà yẹn la tó lọ dá ti apá kejì, òun ló máa sáré, á pàdé ilẹ̀ dúdú, á kú. Màjàlà á gba ojú sánmọ̀. Àwọn àṣá á sì dé, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n, wọ́n á máa gbé eku tó ń sá jáde, bí àwòdì ṣe ń ṣe létí iná ní Ṣakí.

Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń ṣe é. A kì í rí i ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òjò dí wa lọ́wọ́ jálẹ̀ oṣù kẹrin, a wá sun ilẹ̀ kan nígbà tí oṣù kárùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí owó wà ńlẹ̀, èèyàn wà ńlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tutù, mò ń rìn lórí eérú láti wo ibi tí iná ṣì kù sí, mo bá ìtẹ́ kan. Ẹyin mẹ́sàn-án, èèpo wọn ti dà bí àwọ̀ tábà, méjì ti là. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo gbé agolo iná gbà kọjá, ẹsẹ̀ mi ṣì wà nínú eérú. Ó lè jẹ́ pé abo náà tún yé, ó sì lè jẹ́ pé kò yé mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní ká dáná lẹ́yìn ìdajì oṣù kárùn-ún, mo máa ń béèrè ìdí, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ tó mi í gbọ́.

Torí náà ìbínú yín ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ẹ gbọ́ ìtàn heath hen, ẹ̀yà prairie chicken kan tó ti wà nílẹ̀ ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ìbọn àti ilé kíkọ́ lé e títí tó fi ku erékùṣù kan ṣoṣo, Martha's Vineyard ní Massachusetts. Ní 1908 wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, wọ́n ṣọ́ ọ, wọ́n ń pa iná tó bá ṣẹ́yọ, ó sì pọ̀ tó bíi 2,000. Ní oṣù kárùn-ún 1916, lásìkò tí wọ́n ń sàba, iná já wọ orí ewéko gbígbẹ tó ti ń kó jọ láti ọdún wọ̀nyí, atẹ́gùn gbé e, ó jó kọjá lórí ìtẹ́ wọn. Òtútù líle àti àṣá tún bá wọn ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Wọn ò tún gbérí dáadáa mọ́. Ọdún 1932 ni wọ́n rí ìkẹyìn. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó kórìíra iná á ní "ẹ ò rí i?", àwọn tó fẹ́ràn iná á ní "ẹ ò rí i?", torí ká ní wọ́n ń sun ún díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó máa jó ò bá tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹyin wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan, gbogbo apẹ̀rẹ̀ sì jó lọ́jọ́ kan. Àwọn darandaran Flint Hills ní Kansas náà ń ṣe irú àṣìṣe yẹn dé ìwọ̀n àyè kan: ọ̀pọ̀ ń sun gbogbo pápá lọ́dọọdún, koríko tútù á yọ, màlúù á sanra, ṣùgbọ́n prairie chicken ò ní rí koríko èṣín tó máa fi bo ìtẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù, lójú tèmi, ni kí wọ́n máa sun ìdá kan, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, kí ẹnu ẹran máa tẹ̀ lé iná kiri. Ní Osage ní Oklahoma, ilẹ̀ kan wà tó tó 39,000 éékà, ọ̀dàn gidi, wọ́n kó bison 300 síbẹ̀ ní 1993, wọn ò sì fi ọgbà pín in fún wọn. Ibi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ni àwọn ẹfọ̀n ń lọ fúnra wọn, ibi tó ti pẹ́ tó jó kẹ́yìn á máa ga. Ní ọdún tí ilẹ̀ bá jó, ọmọ ẹyẹ á rí ìsàlẹ̀ gbalasa àti òdòdó. Ní ọdún kejì, ìkẹta, abo á rí ibi ṣe ìtẹ́. Ibi tó dàgbà jù ni wọ́n ń sá sí tí yìnyín bá dé. Ilẹ̀ yín jó ní apá ìlà-oòrùn nìkan, màlúù sì wà lápá kejì nìkan. Èyí mú ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ì bá bà mí lẹ́rù ni kí ẹ ní gbogbo rẹ̀ jó, tàbí pé màlúù wà níbẹ̀ láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà òtútù, tí koríko rẹ̀ ti dà bí orí tí wọ́n fá. Ìyẹn wà o, mo ti rí i, inú mi ò sì dùn sí àwọn tó ṣe é.

Ẹyẹ ọdún tó kọjá ńkọ́, níbo ni wọ́n lọ? Ẹ gòkè, kí ẹ wo òdìkejì wáyà. Àgbàdo ni, àgbàdo àti sóyà títí dé ibi tí ojú ríran dé. Ìdá 97 nínú 100 ilẹ̀ Nebraska ló wà lọ́wọ́ aládàáni. Ilẹ̀ ìjọba tí ẹ ń dẹ yẹn, erékùṣù kékeré ni láàárín oko. Láti 1985 ni ìjọba ti ń sanwó fún àgbẹ̀, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní CRP, kí wọ́n fi ilẹ̀ tó ń tètè ṣàn lọ sábẹ́ koríko fún ọdún 10 sí 15, ó sì ju 36 mílíọ̀nù éékà lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà ní 2007. Lẹ́yìn náà àgbàdo gbówó lórí, àdéhùn ń parí, àgbẹ̀ ń túlẹ̀ padà. Ọ̀dá 2012 náà dé, Nebraska gbẹ dé egungun, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ gé koríko CRP fún màlúù tí ebi ń pa. Pheasant kì í pẹ́ láyé, èyí tó pọ̀ jù kì í rí ọjọ́ ìbí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọdún kan tí ọmọ ò bá là, ọdún tó tẹ̀ lé e lẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ìbọn yín kọ́ ló pa wọ́n tán, torí akọ nìkan ni òfin gbà yín láyè láti pa, mẹ́ta lóòjọ́, akọ kan sì tó abo púpọ̀.

Kíkó ẹyẹ ilé sínú igbó, mo mọ̀ pé ó dùn létí. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ẹyẹ tí wọ́n fi oúnjẹ inú ọpọ́n wò, tí kò rí àṣá rí, ẹ dá a sílẹ̀ láàárọ̀, coyote, ajá igbó ibí, á mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í lò tó oṣù mélòó kan. Bí ilẹ̀ bá sì dára tó fún wọn láti yè, àwọn ti igbó tó wà níbẹ̀ ì bá ti kún un.

Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ tí ẹ ń sọ yẹn, mi ò sì lè jókòó síbí dá ẹjọ́ olùtọ́jú rẹ̀. Ọ́fíìsì wọn ṣí sílẹ̀, ẹ wọlé lọ bá wọn, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà. Ẹ béèrè ọdún tí ilẹ̀ náà jó kẹ́yìn ṣáájú èyí, ìdá wo nínú rẹ̀ ló jó, kí ni wọ́n ń fẹ́ kó hù, ọjọ́ wo ni màlúù wọlé, ọjọ́ wo ló máa jáde. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi máàpù dáhùn. Bí ó bá ń wo òkè, tí kò rí ọjọ́ kankan sọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ilẹ̀ yín ni. Láísẹ́ǹsì, ẹ rà á. Bí gbogbo ọdẹ tó ń bínú bá káwọ́ owó rẹ̀ sílé, kì í ṣe olówó màlúù ni ilẹ̀ máa kù fún, ẹni tó ń gbin àgbàdo ni. Bí ilẹ̀ yẹn bá sì há jù fún yín, ẹ wo ètò Open Fields and Waters, níbi tí ìpínlẹ̀ Nebraska ti ń sanwó fún onílẹ̀ kó jẹ́ kí ọdẹ fi ẹsẹ̀ wọlé. Ẹ ṣáà má ta ẹran tí ẹ bá pa, ẹ má sì fi tọ́ọ̀ṣì dẹ ẹran lóru bí a ṣe ń dẹ ẹ́ nílé. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni níbí.

Tó bá di ìparí oṣù kẹwàá, ẹ má sáré lọ sí ibi tí koríko ti ga jù. Ẹ rìn lójú ààlà, níbi tí ilẹ̀ tó jó ní oṣù kẹrin ti pàdé èyí tí kò jó. Kí ọta yín jẹ́ irin, kì í ṣe òjé. Ọta òjé ò gbọdọ̀ wà lápò yín lórí irú ilẹ̀ ìjọba bẹ́ẹ̀, pheasant ni o, pẹ́pẹ́yẹ ni o, ẹ sì rántí ohun tí òjé fojú àwọn ọmọdé rí ní Zamfara ní 2010. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ bí ẹ bá rí àyè. Ẹ gbé mọ́tò jìnnà, kí ẹ dojú kọ atẹ́gùn. Àáyá gbọ́n, Ògúngbẹ̀ náà gbọ́n, àkùkọ pheasant tó bá ti la ọ̀sẹ̀ kìíní já ti mọ ìró ilẹ̀kùn mọ́tò, ẹsẹ̀ ló fi ń sá, ẹ ò ní rí i kó fò rárá. Ẹ má gbá ilẹ̀kùn yẹn o. Ẹ rọra tì í pẹ̀lú ìdí, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.